Ta Ló Mọ Ọmọ Tí Yóò Dára? Ẹ̀kọ́ Lára Ọmọ Yorùbá Mẹ́ta Tí Wọ́n Gbé Sórí Òṣùwọ̀n Ní Amẹ́ríkà

Ọdẹ Ṣakí tó bá fẹ́ ra ajá kì í wo gíga ajá nìkan. Yóò wo ẹsẹ̀ rẹ̀, yóò wo imú rẹ̀, yóò béèrè irú ìyá tó bí i. Ó tilẹ̀ lè pàtẹ́wọ́ lójijì kó lè mọ̀ bóyá ajá náà máa sá ni tàbí ó máa na etí. Síbẹ̀síbẹ̀, ọjọ́ tó bá mú un wọ igbó ni yóò tó mọ̀ bóyá ajá ọdẹ lòun rà, àbí ẹnu tí yóò kàn máa bá òun jẹun nílé.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́dọ̀ àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn, ọmọ Ẹbẹdí. Ọmọ méjì lè jókòó sídìí òfì lọ́jọ́ kan náà, kí ọwọ́ ọ̀kan yá ju ti èkejì lọ fíìfíì. Àwọn tó ń kọjá lọ á máa yin ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ yá. Ọ̀gá ò ní fọhùn. Ó ń dúró kí òwú kọ́kọ́ já mọ́ àwọn méjèèjì lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ìgbà yẹn ló máa tó mọ ẹni tí yóò fara balẹ̀ so ó, àti ẹni tí yóò dìde fùú kúrò nídìí iṣẹ́.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ohun tí ọ̀gá ahunṣọ ń fi ọdún bíi mélòó kan wò yìí, àwọn kan wà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n gbọ́dọ̀ parí ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ méjì péré. Owó tí wọ́n sì ń gbé lé e lórí, ó tó kọ́ ìlú. Bí wọ́n bá mú ọmọ tó dára, wọ́n là. Bí wọ́n bá ṣì í mú, ojú á tì wọ́n títí ayé, ojú á sì ti ọmọ ọlọ́mọ pẹ̀lú. Lára àwọn ọmọ tí wọ́n ti gbé sórí òṣùwọ̀n yìí, mẹ́ta wà tí orúkọ Yorùbá wà lára wọn. Ìtàn àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yàtọ̀ síra bí ojú ṣe yàtọ̀ sí imú. Ó sì yẹ kí gbogbo bàbá àti ìyá tó ní ọmọ gíga nílé, láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí, láti Òkèhò dé Kíṣí, gbọ́ ọ.

BÍ WỌ́N ṢE Ń ṢE É

Eré básíkẹ́ẹ̀tì la ń sọ, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń jù sínú àwọ̀n lókè. Ẹgbẹ́ 30 ló wà nínú líìgì ńlá wọn tí wọ́n ń pè ní NBA. Lọ́dọọdún, nígbà tí líìgì bá parí, wọ́n máa ń pe gbogbo ẹgbẹ́ jọ láti pín àwọn ọmọ tuntun tó fẹ́ wọlé. Ìpínyà yìí ni wọ́n ń pè ní dírááfù. Ọmọ ò ní sọ pé ẹgbẹ́ báyìí lòun ń lọ. Ẹgbẹ́ ló ń mú ọmọ, lọ́kọ̀ọ̀kan, ìpele méjì, títí wọ́n á fi mú bí ọgọ́ta.

Èyí tó máa ya yín lẹ́nu ni pé àwọn ẹgbẹ́ tí kò ṣe dáadáa ni wọ́n ń jẹ́ kó ṣíwájú. Ẹni tí irè oko rẹ̀ kéré jù ni wọ́n ní kó kọ́kọ́ wá mú èbù iṣu tó dára, kí ọdún tó ń bọ̀ lè san án. Ọgbọ́n ni wọ́n fi ṣe é, kí ẹgbẹ́ olówó má baà kó gbogbo ọmọ gidi lọ. Títí di 1984, ẹgbẹ́ méjì tó ní ẹ̀tọ́ sí ipò kìíní máa ń ju owó sókè ni, orí àbí ìdí. Nígbà tí ariwo pọ̀ pé àwọn kan ń mọ̀ọ́mọ̀ pàdánù kí wọ́n lè rí ọmọ mú, wọ́n yí i padà sí oríire bíi ti tẹ́tẹ́ ní 1985.

Kí ọjọ́ náà tó dé, ọmọ á rí i. Wọ́n á wọn gíga rẹ̀ láìwọ bàtà. Wọ́n á ní kó na apá méjèèjì kí wọ́n wọn ọ́n láti ìka dé ìka, torí apá gígùn níye lórí nínú eré yìí ju gíga gan-an lọ. Wọ́n á ní kó fò, kó sáré. Dókítà á tẹ eegun rẹ̀ wò níkọ̀ọ̀kan. Wọ́n á jókòó tì í, wọ́n á bi í léèrè ọ̀rọ̀ ilé. Wọ́n á wo fíìmù àwọn ìdíje tó ti gbá, wọ́n á tún un wò. Wọ́n á lọ bá àwọn kóòṣì tó kọ́ ọ, pé ṣé ọmọ yìí máa ń tètè dé ni, àbí wọ́n ní láti máa jí i.

Básíkẹ́ẹ̀tì nìkan kọ́ o. Ní Kánádà àti Amẹ́ríkà, wọ́n ń ṣe irú rẹ̀ fún họ́kì tí wọ́n ń gbá lórí yìnyín, ọmọ ọdún 18 ni púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń mú níbẹ̀. Àní ọmọ tí wọ́n bí ní Òkénè wa níbí, Akim Aliu, wà lára wọn: ní 2007, ẹgbẹ́ Chicago Blackhawks mú un sí ipò 56. Tani ì bá rò pé ọmọ tí wọ́n bí sínú oòrùn Òkénè á máa fi bàtà irin sáré lórí yìnyín?

HAKEEM: ỌMỌ ONÍSÌMẸ́ŃTÌ

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ ẹni tí gbogbo ayé mọ̀. Ọjọ́ 21 oṣù kìíní 1963 ni wọ́n bí Hakeem Ọlájùwọ́n ní Èkó. Sìmẹ́ńtì ni bàbá àti ìyá rẹ̀ ń tà. Ilé ìwé Muslim Teachers College ló lọ, àwọn eré tó sì mọ̀ níbẹ̀ ni bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ àti bọ́ọ̀lù afọwọ́gbá. Kíípà ni lórí pápá. Ó ti pé ọmọ ọdún 15 ó kéré tán kó tó fọwọ́ kan básíkẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí àwọn ọmọ Amẹ́ríkà ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi bíi ọdún mẹ́wàá mọ eré náà, òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń béèrè pé ẹsẹ̀ mélòó lèèyàn lè gbé pẹ̀lú bọ́ọ̀lù lọ́wọ́.

Ní 1980, ó wọ bààlúù lọ sí Yunifásítì Houston ní Texas. Ẹgbẹ́ yunifásítì náà ò mọ irú ẹni tó ń bọ̀. Kò sẹ́ni tó lọ pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú. Nígbà tó pè wọ́n lórí fóònù, wọ́n ní kó wọ tasín. Ẹ ò rí nǹkan! Ọmọ tó di ẹni àkọ́kọ́ tí gbogbo líìgì ń jà sí lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, tasín ló gbé e wọ̀lú.

Ó gùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó tín-ín-rín. Kóòṣì rẹ̀, Guy Lewis, ò jẹ́ kó gbá ìdíje kankan ní ọdún àkọ́kọ́ yẹn. Ó ń jẹun, ó ń gbé irin, ó ń kọ́ṣẹ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó máa ń lọ sí gbọ̀ngàn eré kan tí wọ́n ń pè ní Fonde, níbi tí Moses Malone máa ń wá. Malone yìí, ògbólógbòó ni, ó wà lára àwọn tó lágbára jù ní gbogbo líìgì láyé ìgbà yẹn. Ojoojúmọ́ ló ń fi èjìká gba Hakeem dànù. Hakeem á dìde, á tún padà wá lọ́la.

Ibí yìí ni kí ẹ ti la ojú. Ní sáà 1981 sí 1982, ìpíndọ́gba póìntì Hakeem ní ìdíje kọ̀ọ̀kan jẹ́ 8.3. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ó di 13.9. Ọdún kẹta, 16.8, ó sì ń fi ọwọ́ gbá bọ́ọ̀lù àwọn alátakò dànù lójú afẹ́fẹ́ ní ìgbà márùn-ún ó lé ní gbogbo ìdíje. Ẹ rí i pé àkàbà ló ń gùn, kò fo ìkankan. Ọdún mẹ́ta léra ni ẹgbẹ́ rẹ̀ dé ìpele ẹlẹ́gbẹ́ mẹ́rin tó kẹ́yìn nínú ìdíje àwọn yunifásítì. Ní 1983, wọ́n pàdánù àṣekágbá pẹ̀lú 54 sí 52 lọ́wọ́ North Carolina State, ní ìṣẹ́jú àáyá tó kẹ́yìn gan-an. Síbẹ̀, Hakeem ni wọ́n fún ní àmì-ẹ̀yẹ ẹni tó dára jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n nà. Ní 1984, Georgetown tí Patrick Ewing ń ṣe òpómúléró rẹ̀ tún nà wọ́n, 84 sí 75.

Ọjọ́ 19 oṣù kẹfà 1984 ni ọjọ́ dírááfù pé, ní New York. Houston Rockets àti Portland Trail Blazers ti ju owó, Houston sì jẹ. Wọ́n pe orúkọ Ọlájùwọ́n ṣíwájú gbogbo ayé. Lọ́dún tó ṣáájú ìyẹn, Rockets kan náà ti fi ipò kìíní mú Ralph Sampson tó ga ju Hakeem lọ, àwọn kan sì ń béèrè pé kí ni wọ́n fẹ́ fi òmìrán méjì ṣe. Kí Hakeem tó dé, ìdíje 29 péré ni wọ́n jẹ nínú 82. Ọdún tó dé, wọ́n jẹ 48. Ní 1994 àti 1995, ó gba ife-ẹ̀yẹ ńlá fún ìlú náà lẹ́ẹ̀mejì léra. Títí di òní, kò sí ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù dànù tó o nínú ìtàn líìgì náà: 3,830. Wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ sínú Gbọ̀ngàn Òkìkí ní 2008.

Kí ni àwọn awòye rí? Wọ́n rí ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ kíípà, tó ń yí sọ́tùn-ún sósì bí ẹní ń jó bàtá, lára òmìrán tó yẹ kó máa rìn bí erin. Ohun tí àwọn èèyàn rò pé ó fi àkókò ṣòfò lé lórí ní Èkó, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, òun gan-an ló di ohun ìjà rẹ̀.

ẸNI TÓ FI ÌRORA PAMỌ́

Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan náà tó yẹ ká mẹ́nu bà. Portland tó pàdánù owó jíjù mú Sam Bowie sí ipò kejì. Chicago Bulls mú ẹni kẹta. Ẹni kẹta yẹn ni Michael Jordan! Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń fi Portland ṣe yẹ̀yẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Bowie ti fi odindi sáà méjì jókòó ní yunifásítì nítorí eegun ojúgun òsì rẹ̀ tó là. Portland mọ̀, wọ́n sì ní kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ní 2012, Bowie fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ nínú fíìmù kan pé nígbà tí wọ́n ń fi irin kan eegun náà, tí wọ́n ń bi í pé ṣé ó ń dùn ún, òun sọ pé rárá, ṣùgbọ́n ó ń dùn òun. Ó ní àwọn èèyàn òun wà tí wọ́n nílò ìrànlọ́wọ́. Eegun náà sì padà fi ojú rẹ̀ rí màbo.

Ta ni kí wọ́n bá wí? Ẹni tí ebi ń pa àwọn ará ilé rẹ̀, tí wọ́n ní tó bá sọ òótọ́ kò ní jẹun mọ́? Òṣùwọ̀n òyìnbó lè wọn apá, ó lè wọn ẹsẹ̀. Kò lè wọn ohun tí ọmọ gbé mì.

OLOWOKANDI: ẸNI TÍ ÀWỌN TÓ TẸ̀ LÉ E FI YỌ ỌWỌ́ RẸ̀

Ọdún 14 kọjá. Ní 1998, wọ́n tún pe orúkọ Yorùbá sí ipò kìíní: Michael Olowokandi. Èkó ni wọ́n bí òun náà, ní 1975, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ń bá ìjọba ṣiṣẹ́ lókè òkun, nítorí náà ìlú London ló ti dàgbà. Ó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Yunifásítì Brunel. Ó ti tó ọmọ ọdún 18 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá básíkẹ́ẹ̀tì.

Bó ṣe dé Amẹ́ríkà, àlọ́ ni. Ní 1995, ó ṣí ìwé kan tí wọ́n to orúkọ àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà sí, ó kàn ṣí i gbàrà ni, ojú ewé tó bọ́ sí ni Yunifásítì Pacific ní California. Ó gbé fóònù, ó pè wọ́n. Ó ní òun ga tó ẹsẹ̀ bàtà méje, òun sì fẹ́ wá gbá básíkẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó gbé fóònù níbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbà á gbọ́. Nígbà tó fi máa di ọdún tó kẹ́yìn rẹ̀ níbẹ̀, póìntì 22.2 ló ń jẹ ní ìdíje kọ̀ọ̀kan, ó sì ń gba bọ́ọ̀lù tó ta padà lókè ní ìgbà mọ́kànlá ó lé.

Ẹ fojú inú wo àwọn awòye nígbà tí wọ́n rí èyí. Gíga: pé. Agbára: pé. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Èkó tó pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀: họ́wù, Hakeem mìíràn ti dé nìyẹn! Los Angeles Clippers ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ àwọn.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ìdíje 500 tó gbá, ìpíndọ́gba póìntì rẹ̀ jẹ́ 8.3. Ó kúrò ní Clippers lọ Minnesota, ó lọ Boston, ó sì parí rẹ̀ ní 2007. Lọ́jọ́ tí wọ́n mú un yẹn, Vince Carter ni ẹni karùn-ún, Dirk Nowitzki ni ẹni kẹsàn-án, Paul Pierce ni ẹni kẹwàá. Gbogbo wọn di ọba nínú eré náà. Ìgbàkigbà tí ẹnì kan nínú wọn bá gba ife, àwọn oníwèé ìròyìn á tún pe orúkọ Olowokandi fi ṣe àpèjúwe àṣìmú.

Ṣé òdodo nìyẹn? Kì í ṣe òun ló fi ara rẹ̀ sí ipò kìíní. Ẹni tó gbá ìdíje 500 nínú líìgì tó le jù láyé, lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀ ní ọmọ ọdún 18, bó bá jẹ́ ipò ogójì ni wọ́n ti mú un, gbogbo ènìyàn ni ì bá máa kan sáárá sí i. Ọmọ náà ò yàtọ̀. Nọ́ńbà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn láyà ló wúwo jù ú lọ.

Ó sì tún ku ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ọdún tí wọ́n mú un gan-an, ìjà owó-oṣù bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn tó ni ẹgbẹ́ àti àwọn agbábọ́ọ̀lù, líìgì ò sì bẹ̀rẹ̀ títí 1999 fi wọlé. Ẹni tó nílò ìkọ́ṣẹ́ ju gbogbo ènìyàn lọ, ìkọ́ṣẹ́ oṣù púpọ̀ ló bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ tó wọ̀, ìdíje mẹ́sàn-án péré ni wọ́n jẹ nínú 50 lọ́dún yẹn. Orúnkún sì tún ń yọ ọ́ lẹ́nu nígbà tó yá. Àgbẹ̀ Òkè-Ògùn á yé yín nípa èyí: bí èbù bá dára tó, bó bá bọ́ sórí àpáta, kí ni yóò ta?

ADÉTÒKUNBỌ̀: ẸNI 15

Ẹnì kẹta, inú òkun gan-an ni wọ́n ti bí i ká tó sọ ọ́. Bàbá rẹ̀ tó ń jẹ́ Adétòkunbọ̀ àti ìyá rẹ̀ kúrò ní Èkó lọ sí ilẹ̀ Gíríìsì ní 1991. Ní 1994, wọ́n bí Giannis sí Athens. Àwọn ará Gíríìsì fi lẹ́tà tiwọn kọ orúkọ náà, ó di Antetokounmpo. Ẹni tó bá ti mọ Yorùbá á rí Adétòkunbọ̀ níbẹ̀ kedere, bí ẹni rí ọmọ ìyá rẹ̀ nínú aṣọ àlejò.

Ìyà jẹ wọ́n níbẹ̀. Ìwé ìgbélùú ò sí. Giannis àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń kiri aago, báàgì àti awò ojú káàkiri títì. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Thanasis ń pín bàtà kan ṣoṣo wọ̀: bí ọ̀kan bá gbá tán, á bọ́ ọ fún èkejì. 2007 ló bẹ̀rẹ̀ básíkẹ́ẹ̀tì, ó ti tó ọmọ ọdún 12 sí 13. Nígbà tó yá, ẹgbẹ́ Filathlitikos ló ń gbá fún, ẹgbẹ́ kékeré nínú líìgì kejì ilẹ̀ Gíríìsì. Póìntì 9.5 ló ń jẹ níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án àti ààbọ̀! Níwájú ẹni tó ń jẹ 22 ní California, kí ni wọ́n fẹ́ fi 9.5 ṣe?

Àwọn awòye tó wọ ọkọ̀ òfurufú lọ wò ó rí ọmọ tó tín-ín-rín bí igi àgbọn, tí ọwọ́ rẹ̀ tóbi bí àwo, tó ń gbé bọ́ọ̀lù sáré bí àwọn kúkúrú ṣe ń ṣe. Wọ́n tún rí i pé ó ṣì ń ga sí i. Púpọ̀ nínú wọn ń bẹ̀rù. Oṣù karùn-ún 2013 ni ìjọba Gíríìsì tó fún un ní ìwé ọmọ onílùú. Ọjọ́ 27 oṣù kẹfà, ní Brooklyn, ẹgbẹ́ 14 wò ó kọjá. Milwaukee Bucks ló mú un, ipò 15.

Ẹni tí wọ́n fi ṣe kìíní lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni Anthony Bennett. Kò pẹ́ tí wọn ò fi gbúròó rẹ̀ mọ́ nínú líìgì. Giannis ńkọ́? Ọdún àkọ́kọ́, póìntì 6.8. Milwaukee ò pariwo. Wọ́n jẹ́ kó jẹun, wọ́n jẹ́ kó gbá, wọ́n jẹ́ kó ṣìṣe. 2017 ló tó wọ ẹgbẹ́ àwọn ìràwọ̀. Ní 2019 àti 2020, òun ni ẹni tó dára jù ní gbogbo líìgì. Ní ọjọ́ 20 oṣù keje 2021, ó jẹ póìntì 50 nínú ìdíje kan ṣoṣo, Milwaukee sì gba ife tí wọn ò rí gbà láti 1971.

KÍ LÓ WÁ DÉ?

Ẹ jẹ́ ká kó àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sójú kan. Gbogbo wọn ga. Gbogbo wọn pẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, gíga kọ́ ló yà wọ́n sọ́tọ̀, pípẹ́ bẹ̀rẹ̀ náà kọ́. Ọ̀kan jẹ póìntì púpọ̀ níbi kékeré, kò sì rọ́nà lọ. Ọ̀kan jẹ díẹ̀ níbi tó tún kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì di ọba. Nítorí náà, iye póìntì nìkan ò tó.

Ohun mẹ́ta ló kù. Àkọ́kọ́: ṣé ọmọ náà ń gòkè lọ́dọọdún, pàápàá níwájú ẹni tó lágbára jù ú lọ? Hakeem ní Malone tó ń gbé e ṣubú. Ẹni tí kò sí ẹni tó lè gbé e ṣubú ní àdúgbò rẹ̀, a ò tíì mọ̀ ọ́n. Èkejì: ṣé ara rẹ̀ yá, ṣé òun náà sì lè sọ òótọ́ nípa rẹ̀? Ẹ̀kẹta, èyí tí àwọn òyìnbó máa ń gbàgbé jù: ọwọ́ ta ni yóò bọ́ sí? Ìlú tí Hakeem ti ń gbé láti ọdún mẹ́rin ló mú un, wọ́n mọ̀ ọ́n, ó mọ̀ wọ́n. Milwaukee fi sùúrù tọ́ Giannis. Olowokandi bọ́ sáàárín ilé tó ń jó. Àwọn awòye ń yẹ èbù wò tọkàntọkàn, wọn kì í rántí yẹ ilẹ̀ tiwọn wò.

Ọmọ Nàìjíríà kan wà lára àwọn tó ń wò yìí náà. Masai Ujiri, tó dàgbà ní Zaria, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ awòye fún ẹgbẹ́ Orlando láìgba kọ́bọ̀. Ní 2003, ó dá ẹgbẹ́ Giants of Africa sílẹ̀ láti máa kọ́ àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà. Ní 2019, ẹgbẹ́ Toronto tó wà lábẹ́ àkóso rẹ̀ gba ife ńlá.

Ẹ̀YIN ÒBÍ ÒKÈ-ÒGÙN, Ẹ GBỌ́

Ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá Òkè-Ògùn, kò sí ibi tí èèyàn ò ti lè rí ọmọ tó ga tó ń fò. Ibi tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá sì wà, oníjìbìtì ò jìnnà. Á dé pẹ̀lú bàtà dídán àti káàdì, á ní òun mọ àwọn ará Amẹ́ríkà, kí bàbá lọ ta ilẹ̀ tàbí màlúù, kí wọ́n fi sanwó fọ́ọ̀mù dírááfù.

Irọ́ ni! Wọn kì í ta fọ́ọ̀mù dírááfù fún ẹnikẹ́ni. Ọmọ tí kì í ṣe ará Amẹ́ríkà lè fi orúkọ sílẹ̀ láti ọdún tó bá máa pé 19. Lọ́dún tó bá sì máa pé 22, orúkọ rẹ̀ á wọlé fúnra rẹ̀, wọ́n lè mú un láìjẹ́ pé ó kọ̀wé. Ilé ẹ̀kọ́ eré tí NBA ṣí ní ilẹ̀ Senegal ní 2017, awòye ló ń wá ọmọ lọ síbẹ̀. Ẹni tó bá ń gba owó lọ́wọ́ yín, ẹ̀yin ló fẹ́ mú.

Ẹ má sì gé ọdún ọmọ. Òṣùwọ̀n ọmọ ni pé ọmọ ọdún báyìí ló ṣe báyìí. Ọmọ 22 tí ẹ bá pè ní 17, ó dà bí ẹni pé ó lágbára lónìí ni. Lọ́la, nígbà tí àwọn ọmọ 17 tòótọ́ bá dàgbà bá a, ibo ló fẹ́ gbà?

Ẹ má sì mú un kúrò nílé ìwé. Yunifásítì ló gbé Hakeem dé bẹ̀, yunifásítì ló gbé Olowokandi dé bẹ̀. Ọgọ́ta ọmọ péré ní gbogbo àgbáyé lọ́dọọdún! Ẹni tí wọn ò bá mú, kí ni yóò fi jẹun bí kò bá ní ìwé lọ́wọ́, tí kò sì kọ́ṣẹ́? Ẹ jẹ́ kó gbá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, ẹ jẹ́ kó sáré, ẹ jẹ́ kó bá àwọn tó jù ú lọ díje, kí wọ́n nà án, kó padà lọ. Àwọn obìnrin náà ńkọ́? Ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì obìnrin Nàìjíríà, D'Tigress, dé ìpele ẹlẹ́gbẹ́ mẹ́jọ ní Olympics Paris ní 2024, ẹgbẹ́ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀, lọ́kùnrin lóbìnrin. Nítorí náà, ẹ má fi ìdáná dí ọmọbìnrin gíga lọ́wọ́.

Ọdẹ Ṣakí mọ̀ pé ajá tó gbó jù lọ́jà kọ́ ló ń pa ẹran. Ọ̀gá ahunṣọ Ìsẹ́yìn mọ̀ pé ọwọ́ tó yá láàárọ̀ kọ́ ló ń parí aṣọ. Wọn ò wọn apá ẹnikẹ́ni, wọn ò sì ya fíìmù kankan. Wọ́n kàn dúró, wọ́n wo ohun tí ọmọ ṣe nígbà tí òwú já.

Ẹni tó bá ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílé, tàbí tí oníjìbìtì ti bá nílé rí, kó fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ojú ewé lẹ́tà. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí wọ́n pe àgbà ní wèrè.